Bí Erin Bá Jẹ̀ Tí Kò Yó

Ní ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá bàbá mi ní Arámọ̀kọ-Èkìtì, egungun ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwa ọmọdé máa ń fi ṣe àga ìjókòó. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ erin ni. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, ó ti funfun bí ẹfun, eyín ìjẹun kan ṣoṣo tí ó kù nínú rẹ̀ sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn àgbà léèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Mo ti di ọmọ ilé-ìwé girama kí n tó béèrè. Bàbá àgbà dá mi lóhùn pé bàbá tí ó bí òun ni ó pa erin náà nínú igbó tí ó wà láàárín Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, nígbà tí igbó ṣì wà níbẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni n kò fi ọkàn sí nígbà náà.

Ẹni tí ó bá mọ apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì dáadáa yóò mọ̀ pé orúkọ ẹranko ńlá kò jìnnà sí wa lẹ́nu. Bí ènìyàn bá ti Ẹ̀fọ̀n sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Erin-Òkè àti Erin-Ìjẹ̀ṣà kò ní pẹ́ kàn án, níbi tí omi Olúmirin ti ń dà láti orí àpáta. Ní èwe mi, mo gbà pé ẹfọ̀n ni ó kún ìlú kan, erin ni ó kún èkejì, àti pé òkè tí ó wà láàárín wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn jà. Ohùn orí orúkọ ìlú àti ohùn orí orúkọ ẹranko kò tilẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n kí ni ọmọdé mọ̀ nípa àmì ohùn? Lónìí, láti Ìjerò títí dé Arámọ̀kọ, títí dé Ẹ̀fọ̀n, inú àwòrán ni ọmọ ilé-ìwé ti ń rí erin. Bí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní òwe tí ó sọ pé bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin, ẹ̀rín a máa pa mí nínú, nítorí pé kò sí ẹnì kankan nínú wa, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, tí ó rí erin rí.

Èmi fúnra mi kò rí i títí di ọdún 2023, ipasẹ̀ rẹ̀ ni mo sì rí, n kò rí òun gan-an.

Ní ọdún 1986, àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Arámọ̀kọ. Ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ti gbó, kòkó orí rẹ̀ ti darúgbó, ọmọkùnrin mẹ́fà ni ó sì fẹ́ pín in. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ dàgbà tó yóò rántí pé ọdún náà gan-an ni ìjọba tú àjọ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká. Láti ìgbà náà ni oníṣòwò ti ń ra kòkó ní iye tí ó bá wù ú, owó kòkó sì gbéra sọ. Ẹni tí kò ní igbó nílé wá igbó lọ sí ibòmíràn. Àwọn kan lọ sí ilẹ̀ Oǹdó, àwọn kan kọjá lọ sí ìsàlẹ̀. Igbó Ọmọ ní ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni Bàbá Kékeré bá ara rẹ̀ sí.

Igbó ọba ni igbó Ọmọ. Láti ọdún 1925 ni ìjọba amúnisìn ti yà á sọ́tọ̀, nínú ìwé, ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 130,500. Ní ọdún 1977, àjọ UNESCO fi orúkọ apá kan rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Bàbá Kékeré kò mọ gbogbo èyí. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ilẹ̀ náà dúdú, ó tutù, ó sì sinmi. Owó kòkó igbó yẹn ni wọ́n fi rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. N kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ fún ẹni tí ó bá ń ka àròkọ yìí, nítorí pé ó kan ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ó pè mí lórí fóònù ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sọ kí ó tó dákẹ́: "Erin ti jẹ wá tán." Mo ṣe bí ẹni pé ó ń pa òwe. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Oko, ni ó gba fóònù tí ó ṣàlàyé. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, mo wọkọ̀ ní Arámọ̀kọ, mo gba Ìtàwúrẹ́ lọ sí Àkúrẹ́, mo gba Oǹdó dé títì márosẹ̀ tí ó ti Bìní wá sí Ṣàgámù, mo sì sọ̀ kalẹ̀ ní oríta J4. Ọ̀kadà ni ó gbé mi wọ inú igbó. Bí a ti ń lọ, mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì, mo ń retí igbó kìjikìji tí mo máa ń rí lọ́kàn bí mo bá ń ka ìwé Fágúnwà. Melina ni mo rí, tí wọ́n gbìn ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ. Lẹ́yìn melina, kòkó. Lẹ́yìn kòkó, ibi tí wọ́n ti lagi, tí eérú ìṣáná ṣì wà nílẹ̀. Ọkọ̀ agbégi mẹ́rin pàdé wa kí a tó dé abà.

Oko tí erin wọ̀ tó eékà mẹ́ta. Kòkó tuntun ni ó wà níbẹ̀, tí kò tíì pé ọdún méjì. Ẹni tí kò ti abà wá lè má mọ̀ pé ọmọ kòkó kì í fẹ́ oòrùn gangan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni a máa ń gbìn sí àárín rẹ̀ kí ó máa ṣíji bò ó títí yóò fi lè dá dúró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni owó tí àgbẹ̀ ń ná kí kòkó tó so. Gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ni ó dùbúlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n, nígbà tí mo dé 100 mo dáwọ́ dúró. Wọn kò jẹ èso rẹ̀ nìkan. Wọ́n ya ìtì rẹ̀ bí ẹni ń bó ìrèké, wọ́n fa ọkàn rẹ̀ tútù jáde, wọ́n sì jẹ ẹ́. Wọn kò fi ẹnu kan ewé kòkó kan. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi pa kòkó. Ipasẹ̀ kan tí mo dúró tì fẹ̀ ju àwo tí a fi ń bu ẹ̀bà fún àlejò lọ, omi òjò sì ti kún inú rẹ̀.

"Bí olè bá wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀," ni Bàbá Kékeré wí, "èso ni yóò gé, yóò fi igi sílẹ̀ fún ọ. Ẹ̀dùn ọ̀kan ni." Èdè Èkìtì ni ó fi sọ ọ́, èmi ni mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Ọdún kẹtàdínlógójì rẹ̀ nìyẹn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, 'uṣu' ni ó sì ń pe iṣu síbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kò sùn. Àwọn àgbẹ̀ abà dá iná sí orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ọmọ wọn ń lu ìkòkò àti páànù. Ní nǹkan bí agogo méjì, Màmá Oko di ọwọ́ mi mú. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí n fi ara gbọ́, kí n má fi etí gbọ́. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé nǹkan kan ń gbọ̀n rìrì nísàlẹ̀ àyà mi, bí ìgbà tí ẹ̀rọ amúnáwá ńlá bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé kejì. Mo ti kà á lẹ́yìn náà pé erin a máa fi ohùn tí ó rẹlẹ̀ ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Wọn kò jáde ní alẹ́ náà.

Kí ni ó fa ìjà yìí? Ìbéèrè tí mo gbé padà wá sí Èkìtì nìyẹn. Ìdáhùn tí ó yá ènìyàn lẹ́nu jù ni pé erin ni ó wọ oko olóko. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́: bí erin bá jẹ̀ tí kò yó, ìtìjú igbó ni. Wọn kò bú erin, igbó ni wọ́n bú. Wọn kò ní ìwọ̀n lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn onímọ̀ lónìí gbà pé erin tí ó ti dàgbà lè jẹ tó 150 kílò ewé, èso àti èèpo igi ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ó sì mu omi tí ó ju 100 lítà lọ. Igbó tí yóò bọ́ agbo erin mẹ́wàá kì í ṣe igbó kékeré. Ẹran tí ara rẹ̀ pọ̀ tó báyìí kò lè dúró sí ojú kan. Bí ó bá dúró, yóò jẹ ibẹ̀ tán. Rírìn ni ó ń rìn, láti ibi tí èso ti ń pọ́n lọ sí ibi tí omi wà, ní ọ̀nà kan náà tí ìyá rẹ̀ gbà, nítorí pé abo àgbà ni ó ń ṣíwájú agbo, òun ni ó sì ń rántí ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ni ó dùn mí jù. Bàbá arúgbó kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ọdẹ ni nígbà èwe rẹ̀, ni ó fi ọ̀pá tọ́ka fún mi láti etí odò dé ẹ̀yìn abà, ó ní ojú ọ̀nà erin nìyẹn láti ìgbà tí òun ti mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Mo bojú wo Bàbá Kékeré, mo rò pé yóò jiyàn. Kò jiyàn. Ó ní nígbà tí òun dé ní ọdún 1986, ohun tí ó mú òun yan ibẹ̀ ni pé ọ̀nà fífẹ̀ kan wà nínú igbó náà tí ó mọ́ kedere, tí kò sí ẹni tí ó ń ro ó. Òun rò ó pé Ọlọ́run ni ó la ọ̀nà náà fún òun. Etí ọ̀nà náà ni ó kọ́ ahéré rẹ̀ sí, ọ̀nà náà ni ó fi ń ru kòkó jáde. Nínú ọ̀nà náà gan-an ni ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí nígbà tí ó fẹ́ fẹ oko náà.

Ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni? N kò lè sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé ẹ̀jẹ̀ mi ni nìkan. Kí àgbẹ̀ kòkó tó dé ni wọ́n ti ń gé ìrókò, arère àti ọ̀gànwó igbó yìí. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó pa igbó rẹpẹtẹ rẹ́ tí ó gbin melina sí i, kí wọ́n lè fi ṣe pépà ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Ìwópin. Ta ni ó rí erin tí melina yó? Àwọn igi tí erin ń jẹ èso wọn ni ó lọ. Òro, tí àwa náà ń mú ààpọ̀n nínú rẹ̀ fi se ọbẹ̀, wà lára oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá gbé e mì, yóò lọ yà á sí ọ̀nà jíjìn, yóò sì hù. Obìnrin abà ń ṣa òro, erin ń ṣa òro, ó sì ń dín kù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tí owó kòkó tún fò sókè ní ọdún 2024, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 10,000 ní ọjà àgbáyé, àdá àti ayùn tún wọ inú igbó tí ó kù. Ẹni tí ó ń mu ṣokoléètì ní ìlú òyìnbó kò mọ̀ pé òun ní ọwọ́ nínú ìjà tí ó wà láàárín Màmá Oko àti erin.

Òmíràn tún ni ti eyín rẹ̀. Erin tí wọ́n ti yìnbọn fún rí, tí wọ́n ti pa ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀, kì í rí ènìyàn kí ó fara balẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ lọ eyín erin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò òkùnkùn di lẹ́búlẹ́bú ní Abuja, tọ́ọ̀nù 2.5 ni wọ́n pè é. Erin tí ó kù ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 500 mọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021 ni àjọ IUCN ya erin igbó sọ́tọ̀ kúrò lára erin ọ̀dàn, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn tí ó wà ní bèbè ìparun, torí pé iye rẹ̀ ti fi ohun tí ó ju 86 nínú 100 dín kù láàárín ọdún 31. Bí mo ti ń ka èyí, egungun ẹ̀yìnkùlé wa ni ó ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tí ó bí bàbá bàbá mi wà lára àwọn tí ó mú iye náà dín kù, oríkì ni wọ́n sì kì í fún un.

Nínú lítíréṣọ̀ wa, bí a bá wò ó fínnífínní, erin kì í borí. Gbogbo wa ni a mọ àlọ́ Ìjàpá àti erin: bí Ìjàpá ṣe fi àkàrà olóyin tan ẹranko ńlá náà wọ ìlú, tí ó ní wọn yóò fi í jọba, tí wọ́n sì ti gbẹ́ kòtò sí abẹ́ ìtẹ́. Mo ti pa àlọ́ yìí fún àwọn ọmọ mi, a rẹ́rìn-ín, a gbe orin rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò mi sí igbó Ọmọ, mo ṣàkíyèsí ohun kan tí n kò rò rí: erin inú àlọ́ náà kò wá fúnra rẹ̀. Ìlú ni ó ránṣẹ́ pè é, adùn ni wọ́n sì fi pè é. Àwọn ọdẹ wa nínú ìjálá máa ń yin erin bí ẹni ń yin ọba, wọ́n sì ń pa á. Nígbà náà, oko kéré, igbó pọ̀, erin tí a bá pa ní Ẹ̀fọ̀n kò di gbèsè fún ẹnikẹ́ni. Ó nira fún mi láti dá wọn lẹ́bi. Ó sì nira fún mi láti máa kọ́ ọmọ ní ìjálá náà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí mo wà ní abà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ igbó fún erin wá bẹ oko náà wò. Ó kúnlẹ̀ ti ìgbẹ́ erin, ó fi igi tú u, ó fi hóró òro hàn mí nínú rẹ̀. Ó kí Bàbá Kékeré tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú, inú ilé erin ni ẹ wà." Bàbá Kékeré kò fèsì. Ó wọ ahéré, ó gbé ọ̀rá kan jáde, ó sì tú ìwé inú rẹ̀ sílẹ̀ lórí àpótí. Rìsíìtì ni gbogbo rẹ̀, láti ọdún 1991. Ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ ni ó ń gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ó lè máa dá oko níbẹ̀. "Ọmọ mi," ni ó wí, "bá mi bi àwọn tí ó kọ ìwé yìí, ṣé wọ́n mọ̀ pé ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ń yá mi gbé?" Ọmọ náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Èmi náà kò rí. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó san kọ́bọ̀ fún un lórí oko tí ó parun.

Ẹ̀ṣọ́ náà sọ àwọn ohun tí a lè ṣe fún wa. Ní Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ a máa so ilé oyin mọ́ okùn yí oko wọn ká, bí erin bá fara kan okùn, oyin yóò tú síta, erin a sì sá, torí pé kò fẹ́ kí oyin ta á lójú àti nínú ọwọ́jà. Àwọn mìíràn a máa po ata gbígbẹ mọ́ epo ọkọ̀, wọn a fi kun okùn; àwọn kan a máa po ata mọ́ ìgbẹ́ erin gan-an, wọn a sun ún kí èéfín rẹ̀ lè lé wọn. Màmá Oko rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́ èyí, ó ní ata tí owó rẹ̀ ti ga tó báyìí, ìbá dára kí òun fi se ọbẹ̀. Ti oyin wù ú. Ní tèmi o, gbogbo ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n lílé ni wọ́n ń lé erin láti oko kan lọ sí oko kejì. Bí àgbẹ̀ méjìlá bá so oyin, ọ̀dọ̀ ẹni kẹtàlá ni erin ń lọ. Ọ̀nà ni erin ń fẹ́, kò sì sí ẹnì kan tí ó lè dá fi ọ̀nà sílẹ̀ láàyè ara rẹ̀.

Bàbá Kékeré gbìyànjú rẹ̀. Ní ọdún 2024, ó wó ahéré náà, ó tún un kọ́ sí apá kejì odò, ó sì fi ojú ọ̀nà náà sílẹ̀ láìgbin nǹkan kan sí i, ní ìbú ọ̀pá ogún. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ bú u. Wọ́n ní ó ti darúgbó, ó ń ya ilẹ̀ fún ẹranko, nígbà tí àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń wá ibi tí wọn yóò dá oko sí. Ẹnì kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣán ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà ní ibi tí ó ti kan odò.

Ó pè mí ní oṣù Kejì ọdún 2025. Ó ní wọ́n ti tún kọjá. Wọ́n gba ojú ọ̀nà tí òun fi sílẹ̀ títí wọ́n fi dé àárín, níbi tí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti kọlù wọ́n, ni wọ́n bá yà. Wọ́n jẹ ìdí mọ́kànlá, wọ́n padà sí ọ̀nà wọn, wọ́n lọ. Mo bi í pé ṣé kò lè gbin nǹkan mìíràn tí erin kì í jẹ. Ó ní, "Kí ni yóò wá ṣíji bo kòkó?" Ó ní kí n bá òun wá owó ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi owó náà ránṣẹ́.